Ọ̀nà Àwọn Ẹlẹ́ni Mẹ́ta

Dọ́là márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n ń gbà láti wẹ ajá níbí. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ajá. Wọ́n á fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ irun ara ẹ̀, wọ́n á gé e ní èékánná, wọ́n á wá so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn bí ìyàwó tuntun. Èmi tí mò ń wẹ ènìyàn, àwọn baba tó ti lọ sógun rí, àwọn ìyá tó ti bímọ mẹ́fà, dọ́là mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń san fún mi ní wákàtí kan. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ni mo kọ́kọ́ ṣe ìlara ẹ̀ nílùú òyìnbó, òótọ́ ni màá sọ. Ajá ni. Ràfátù ló tẹ̀ lé e.

Kí n tó débí, obì ni mò ń tà. Ìjokù ni wọ́n bí mi sí, ní Ṣàgámù, nínú ilé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, ìdí agbọ̀n obì ni gbogbo wa ti ń pàdé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì ka ìkẹfà náà tán. Ràfátù, ọmọ ilé kejì sí tiwa, fi ọdún mẹ́ta kéré sí mi. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ obì tí kòkòrò ti wọ̀ láì là á, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ewé tútù dì í kó má baà gbẹ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Ìntachéńjì, oríta márosẹ̀ tí ọkọ̀ Ìbàdàn ń gbà kọjá, èmi ni mo sún agbọ̀n mi sẹ́yìn kó lè ríbi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó sì wá ṣáájú mi dé Amẹ́ríkà.

Nígbà tí èmi fi máa dé, ó ti ní ọkọ̀ tí kì í pariwo. Ó ti ń ti imú sọ òyìnbó. Òun náà ló bá mi wá iṣẹ́ sí ilé àwọn arúgbó tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń ta ni lára tó, kó jẹ́ pé ẹni tí èèyàn ń ṣe ìlara ẹ̀ ló tún ń ṣe èèyàn lóore. Kò tiẹ̀ jẹ́ kéèyàn rí nǹkan sọ.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo kí aládùúgbò mi. Mo ní ẹ kú àárọ̀ sà, ṣé ẹ sùn dáadáa, ìyàwó yín ńkọ́? Ó dúró, ó wò mí látòkè délẹ̀.

Ó ní, "Kí ni ẹ fẹ́ fi ìyàwó mi ṣe?"

Mo ní, "Rárá o, mo kàn ń béèrè bóyá ó jí ire ni."

Ó wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà, bó bá rí mi lókèèrè, á ti gbé fóònù sétí, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó pè é. Mo rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọjọ́ kẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìkòkò ọbẹ̀ sọ̀rọ̀, mò ń bi í bóyá iyọ̀ ẹ̀ tó.

Ìyá àgbà kan wà níbi iṣẹ́ wa tí kì í rántí nǹkan mọ́. Lójoojúmọ́ ló máa ń bi mí pé ta ni mí, lójoojúmọ́ ni mo sì ń fún un ní èsì tuntun. Mo ti jẹ́ olorì fún un rí. Mo ti jẹ́ ẹni tó ni ilé náà. Lọ́jọ́ kan tí inú mi ò dùn, mo sọ òótọ́ fún un, mo ní oníṣòwò obì ni mí láti Ṣàgámù. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní irọ́ nìyẹn. Ó ní olorì ni mí. Mo ronú sí i bí mo ṣe ń nu ẹsẹ̀ ẹ̀: ènìyàn kan ṣoṣo tó mọ̀ mí ní gbogbo ìlú yìí, irọ́ tí mo pa fún un ló mọ̀.

Ọ̀nà tó wà láàárín ilé wa àti ibi iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ mi wà lórí ẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ ni, wọ́n sì ń fẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń fẹ̀ ẹ́ ló ń fún. Wọ́n to àgbá aláwọ̀ ọsàn sẹ́bàá ẹ̀ bí ẹni ń to agbọ̀n ọjà, ẹ̀rọ katakata ń hó, àwa sì ń wọ́ lórí ìyókù ilẹ̀ bí ìgbín. Àmọ́ wọ́n ti parí àárín ẹ̀. Ojú ọ̀nà méjì ló wà láàárín náà, ó ń dán bí awo, ọkọ̀ ò sì tó nǹkan níbẹ̀. Bó o bá dá wà nínú ọkọ̀, wàá sanwó kó o tó gbà á. Bẹ́ ẹ bá pé mẹ́ta, ọ̀fẹ́ ni.

Owó náà kò dúró sójú kan. Pátákó iná kan ló ń sọ iye tó jẹ́, ó sì ń yí padà bí iye tòmátì. Bí òjò bá rọ̀, ó ń lọ sókè. Bí ọkọ̀ bá pọ̀ lójú ọ̀nà gbogbo ayé, ó tún ń lọ sókè. Mo yin ẹni tó ronú kàn án. Mo ti rò pé àwa olóbì nìkan la mọ bí wọ́n ṣe ń wo ojú oníbàárà kí wọ́n tó dárúkọ owó, láìmọ̀ pé òyìnbó ti fi iná mànàmáná sí i.

Àárín yẹn ni Ràfátù ń gbà. Òun nìkan, nínú ọkọ̀ tí kì í pariwo. Láràárọ̀, bí mo bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí mò ń wo ìdí ọkọ̀ eléérú kan tó wà níwájú mi, màá gbọ́ ọ: pọ́ọ̀n-pọ́ọ̀n. Ràfátù ti kọjá fìrì. Ó ń kí mi ni. Mo mọ̀ pé kíkí ni. Bíi ká kí ènìyàn láti orí ẹṣin ni.

Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ ipò, ǹ bá ti gbé e mì. Ọ̀gá wa, obìnrin òyìnbó kan tó ga bí igi àgbọn, pe èmi, Ràfátù, àti Kwámé ará Gánà. Kwámé kì í sọ̀rọ̀, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́. Ọ̀gá ní òun ń wá ẹni tí yóò jẹ́ olórí fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òwúrọ̀. Wọ́n á fi dọ́là mẹ́rin kún owó wákàtí ẹ̀, kò sì ní wẹ ẹnikẹ́ni mọ́, ìwé ni yóò máa mú kiri. Ó ní iṣẹ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáa. Ẹni tí kò bá pẹ́ lẹ́yìn aago méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo jálẹ̀ oṣù tó ń bọ̀ ni òun máa fún.

Ràfátù wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rẹ́rìn-ín padà. Eyín nìkan ló wà nínú ẹ̀rín àwa méjèèjì.

Mo pe ìyá mi ní Ìjokù lọ́jọ́ Àìkú.

"Màámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Ọjọ́ mọ́kànlá ni. Ràfátù ń pe ìyá ẹ̀ lójoojúmọ́."

"Iṣẹ́ tiẹ̀ ò pọ̀ ni."

"Ó ti ra iná olóòrùn fún ìyá ẹ̀. Lánàá, kò síná ní gbogbo Ìjokù, tẹlifíṣọ̀n tiwọn ń sọ̀rọ̀ dé títì."

"Ṣé ẹ lọ bá wọn wò ó ni?"

"Kí ni n ó lọ wò níbẹ̀? Mo jókòó sójú fèrèsé mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń wò ó."

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ohun tó ń ṣe mí kì í ṣe ẹ̀bi mi. Mo jogún ẹ̀ ni.

Ó ní, "Ó ku nǹkan kan. Wọ́n ń fẹ ọ̀nà níbí náà. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Ìntachéńjì."

"Kí ni wọ́n kọ?"

"Ṣé mo kàwé ni? Igi méjì ló gun ara wọn kọjá."

Mo mọ ohun tí igi méjì yẹn ń sọ. Wíwó ni. Mo ní, "Ṣé tèmi nìkan ni?"

"Tiyín lápapọ̀ ni. Ti Ràfátù náà ní tiẹ̀."

Mo ní Alihamudulilahi. Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ìyá mi náà ní Alihamudulilahi, ojú sì ti àwa méjèèjì.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí ibùsùn. Ibẹ̀ ni mo ti ń sọ fún ara mi pé bí òyìnbó bá le mi, mo ṣáà ní ibi tí màá padà jókòó sí, agbọ̀n mi níwájú, àwọn dírẹ́bà tó ń lọ sÍbàdàn á máa na ọwọ́ láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Níbí, wọ́n ń fẹ ọ̀nà. Lọ́hùn-ún, wọ́n ń fẹ ọ̀nà. Àyè tèmi nìkan ni kò fẹ̀ níbì kankan. Kò sóhun tó kù ju kí n gba ipò olórí òwúrọ̀ yẹn lọ.

Kwámé ló sọ fún mi nípa àwọn tó ń tò. Ó ní lẹ́yìn ilé ìtajà ńlá kan lẹ́bàá ilé wa, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń dúró lórí ìlà láràárọ̀, wọ́n ń wá ẹni tí yóò gbé wọn kí ọkọ̀ lè pé mẹ́ta. Gbólóhùn tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ lọ́dún yẹn nìyẹn.

Mo lọ. Lóòótọ́ ni, òyìnbó tò bí ọmọ iléèwé, pẹ̀lú kóòtù àti báàgì, kò sẹ́ni tó ń ti ẹnìkejì. Ara mi yá. Mo ti gbé ẹrù láti Òde Rẹ́mọ dé Ṣàgámù láìmọye ìgbà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń pe èrò. Mo yọ orí síta, mo ní, "Ẹ wọlé, ó ku méjì, ẹ mú ṣéńjì yín dání." Ọkùnrin kan jókòó síwájú, obìnrin kan wọ ẹ̀yìn. Mo na ọwọ́.

"Dọ́là méjì-méjì."

Ọkùnrin náà ní, "Ìyáàfin, a kì í sanwó. Ẹ̀yin ń wá èèyàn, àwa ń wá ọkọ̀. Ó ti parí."

"Ọ̀fẹ́?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

"Ta ló wá ń jèrè?"

"Gbogbo wa."

Mo pa ọwọ́ mi dé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì rí ọjà tí gbogbo ènìyàn ti ń jèrè. Mo ń retí ibi tí ẹ̀tàn náà máa gbà yọ títí a fi débi tí wọ́n ń lọ, kò yọ. Ó tún sọ fún mi pé òfin wọn ni kí èrò má sọ̀rọ̀ àyàfi bí awakọ̀ bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nítorí náà, mo sọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n léèrè ọmọ, mo bi wọ́n léèrè ìyá. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn kan ti ń sún sẹ́yìn lórí ìlà bí wọ́n bá rí ọkọ̀ mi, wọ́n á ní àwọn ń dúró de ẹlòmíràn. Àmọ́ àwọn kan fẹ́ràn mi. Ọkùnrin kan tó máa ń jókòó síwájú sọ fún mi pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èmi nìkan ni mo bi òun bóyá òun ti jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá Ràfátù lójú ọ̀nà àárín. Ó ń lọ ní tiẹ̀, mo yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yí ojú, ó rí mi. Ó rí òyìnbó níwájú mi, ó rí òyìnbó lẹ́yìn mi. Mo rọra gbé ọwọ́ sókè bí olorì. Dọ́là mọ́kànlélógún ló wà lójú pátákó lọ́jọ́ náà. Tèmi, òfo.

Ibi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ ló ti bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni àwọn òyìnbó tí ẹ kó sọ́kọ̀ yẹn?"

"Èrò mi ni."

"Àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí? Wọ́n lè pa yín o."

"Ìwọ tó o dá wà ńkọ́? Owó ni yóò pa ìwọ."

Ó so okùn bàtà ẹ̀ fún àkókò tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn tó, mo kọrin fún ìyá àgbà yẹn lọ́jọ́ náà.

Báyìí ni a ṣe ń bá a lọ títí oṣù fi ku ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó pẹ́ nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn náà, òjò ń da omi bí ẹni pé wọ́n tẹ ìkòkò dorí kodò. Mo dé ẹ̀yìn ilé ìtajà, kò sí ẹyọ ènìyàn kan lórí ìlà. Mo dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo dúró mẹ́wàá. Lójú ọ̀nà gbogbo ayé, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ pọ́n lọ títí kò lópin. Bí mo bá gba ibẹ̀, ó parí. Bí mo bá sì sanwó, owó ọjọ́ òjò, èmi tí mo ti fi Ràfátù ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Àpò obì gbànja méjì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn mi. Àná ẹ̀ ni mo gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń bá wa kó ẹrù láti ilé, mò ń tà á díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà ní mọ́ṣáláṣí. Bút ọkọ̀ mi kì í ṣí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé wọn síbẹ̀. Láti ìgbà tí mo sì ti gbé wọn síbẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń dún tín-ín, tín-ín, tín-ín. Ó ń sọ pé àwọn tó wà lẹ́yìn ò tíì de bẹ́líìtì.

Mo wò wọ́n. Wọ́n wò mí.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi san owó ènìyàn lórí agbọ̀n obì. Takisí tó ń bọ̀ láti Òde Rẹ́mọ, bí ẹrù rẹ bá ti gba àyè èrò, èrò ni. Dírẹ́bà ò ní gbọ́ àlàyé. Mo ti san owó èrò mẹ́ta rí lọ́jọ́ kan náà, èmi àti agbọ̀n méjì, a sì to ara wa jókòó bí tẹbí-tará. Ọkọ̀ òyìnbó fúnra ẹ̀ ló tún ń bẹ̀ mí pé kí n de àwọn èrò mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo de àpò kìíní, mo de àpò kejì. Tín-ín náà dákẹ́. Mo ní, ẹ ò rí i? A ti pé mẹ́ta.

Mo wọ àárín. Mo ti sáré dé ìdajì nígbà tí iná búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lẹ́yìn mi.

Ọmọdé ọlọ́pàá kan ni, irùngbọ̀n ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú fèrèsé mi, òjò ń kán ní fìlà ẹ̀.

"Ìyáàfin, èèyàn mélòó ló wà nínú ọkọ̀?"

"Mẹ́ta."

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn. Ó tún tàn án lẹ́ẹ̀kejì.

"Àwọn méjì yòókù dà?"

"Àwọn nìyẹn. Wọ́n ti de bẹ́líìtì."

"Ìyáàfin, àpò nìwọ̀nyí."

"Mo mọ̀ pé àpò ni. Àmọ́ ó jókòó."

Mo ṣàlàyé Òde Rẹ́mọ fún un. Mo ṣàlàyé owó ẹrù. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó gbá òrùlé ọkọ̀ mi mú, inú mi sì balẹ̀. Nílé, ọlọ́pàá tó bá ti rẹ́rìn-ín ti dárí jini. Níbí, ẹ̀rín lọ́tọ̀, ìwé ìtanràn lọ́tọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọ.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ: pọ́ọ̀n-pọ́ọ̀n.

Ràfátù kọjá. Mo di ojú mi. Nígbà tí mo là á, ọkọ̀ tí kì í pariwo yẹn ti yà sẹ́bàá ọ̀nà níwájú, Ràfátù sì ti sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò, ó ń rìn padà bọ̀ nínú aṣọ iṣẹ́, ó ti ń pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ láti òkèèrè. Ó ń bẹ̀bẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nílé bí wọ́n bá dá ará ẹni dúró lójú ọ̀nà: ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹ fojú fò ó. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ọmọdé náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọwọ́ ẹ̀ ti wà ní ìbàdí. Ó kígbe mọ́ ọn pé kó padà sínú ọkọ̀, kó má sì kúrò níbẹ̀ títí òun yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ogójì ìṣẹ́jú ló fi dá àwa méjèèjì dúró.

Nígbà tí a wọlé, omi ń ro lára wa, Kwámé ti jókòó sórí àga olórí òwúrọ̀, ó mú ìwé dání. Bọ́ọ̀sì ẹ̀ ti gbé e dé láti aago mẹ́fà ààbọ̀. Ó wò wá, ó kọ aago tí a dé sínú ẹ̀.

Nígbà tí a ṣíwọ́, Ràfátù wá jókòó sínú ọkọ̀ mi.

Mo ní, "Kí ló dé tó o dúró?"

"Mo wá bá yín bẹ̀bẹ̀ ni."

"Irọ́. O wá wò mí ni."

Ó ronú díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, méjèèjì ni."

Mo ní kó sọ òótọ́ míì fún mi. Kí ló dé tó ń san owó ńlá yẹn láràárọ̀? Bó bá tètè jáde, ọ̀nà gbogbo ayé á gbé e dé kí aago méje tó lù.

Ó ń fi ìka ya nǹkan sórí gíláàsì. Ó ní, "Mo fẹ́ máa kọjá lára yín ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó tì yín ní Ìntachéńjì. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra obì, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà sí. Ẹ̀yìn oníbàárà nìkan ni mo mọ̀. Ìgbà tí mo bá kọjá lára yín láàárọ̀, tí mo rí i tí ẹ dúró sójú kan, ara mi máa ń yá dìrọ̀lẹ́."

Mi ò mọ ìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án, mo rò pé èmi nìkan ni mò ń ṣiṣẹ́ ìlara yẹn.

Ó ṣí fóònù, ó fi iye tí ọ̀nà àárín gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lóṣù náà hàn mí: irinwó dọ́là ó lé méje. Èmi náà yọ ìwé ìtanràn mi, ó ti rin fún omi: ọgọ́sàn-án dọ́là ó lé mẹ́ta. Ó kà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo fà á mọ́ra, mo bá a sun díẹ̀, ẹkún tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí oníṣòwò kì í bá ojú sunkún. Bí mo ṣe ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn ni mò ń yọ tèmi kúrò nínú tiẹ̀, mo sì yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú. Iye tí Ràfátù fi pàdánù jù mí lọ jẹ́ igba dọ́là ó lé mẹ́rìnlélógún.